Pátákó Etí Odò Bok Luksi

"Tessa, Bok Luksi ńkọ́?"

Ìyáàfin Impson, olùkọ́ èdè Choctaw, èdè ẹ̀yà kan tó ti wà ṣáájú kí òyìnbó tó dé, ló béèrè. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ilẹ̀ ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì, ó mú bírò pupa dání. Ó ti fa igi sára Tali Tohbi, Òkúta Funfun. Ó ti fa igi sára Nanih Chito, Òkè Ńlá. Nínú orúkọ méjìlá, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Mà," ni Tessa Hotubbee wí.

Irọ́ ni. Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ máa gbà á o. Mo mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn nílé yín lásìkò yìí. Tó o bá fẹ́ kí n gbé e fún ẹlòmíì, kò burú."

"Rárá, Mà. Mo máa mú un wá."

Iṣẹ́ náà kò le. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà àdúgbò fẹ́ ri pátákó tuntun mọ́ ibi méjìlá tí orúkọ wọn jẹ́ ti Choctaw, kí àwọn tó ń wakọ̀ kọjá lè mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹnu pè. Nítorí ní apá Oklahoma tí à ń wí yìí, tọmọdé tàgbà ló ń sọ èdè Choctaw láìmọ̀. Òyìnbó tó ń kọ àdírẹ́sì sẹ́yìn lẹ́tà ń sọ ọ́. Ọlọ́pàá tó ń kọ orúkọ abúlé sínú ìwé ń sọ ọ́. Orúkọ ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀, "àwọn ènìyàn pupa" ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á mú orúkọ kan, á lọ bá àgbàlagbà tó mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì kọ ohun tó bá gbọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: orúkọ ẹni tó sọ ìtàn náà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá gba iṣẹ́ wọn yóò rìnrìn àjò lọ sí Mississippi ní oṣù kẹfà, láti fojú rí ilẹ̀ tí wọ́n lé àwọn baba ńlá wọn kúrò.

Ìtumọ̀ Bok Luksi kì í ṣe ìṣòro. Odò Ìjàpá ni, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni ìṣòro, torí pé kò sí ìjàpá kankan nínú odò náà. Omi tútù tó ń sáré lórí òkúta ni, ìjàpá kì í gbé irú ibẹ̀. Ẹnì kan ni gbogbo abúlé gbà pé ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, ìyẹn Leota Hotubbee, ìyá tó bí bàbá Tessa. Pokni ni Tessa ń pè é, bí àwọn ọmọ Choctaw ṣe ń pe ìyá àgbà wọn.

Láti oṣù kìíní ni Tessa ti gba iṣẹ́ náà. Nígbà náà, Pokni ṣì wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rọ́bà afẹ́fẹ́ ní imú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe ọmọ náà.

"Tessa, wá jókòó, kó o mú ìwé dání. Ọ̀rọ̀ odò yẹn gùn díẹ̀."

"Mò ń bọ̀, Pokni. Ẹ jẹ́ kí n fèsì ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù."

Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń lọ gbá. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ sí ohun kan tó ń ṣe. Ó kàn sọ pé kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, Pokni sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dára. Tó o bá dé tí o ò bá mi, kó o jókòó dè mí."

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ní àárín oṣù kejì, Pokni kú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá láti abúlé méje, wọ́n kọ orin ìsìn ní èdè Choctaw títí ohùn wọn fi há. Tessa kò sunkún. Ó bu oúnjẹ fún àlejò, ó fọ abọ́, ó ń wo ẹnu àwọn ènìyàn bó ṣe ń mì. Bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sunkún ju gbogbo wọn lọ, lẹ́yìn náà ó tún lọ. Inú Tessa kàn kú bí ẹsẹ̀ tí pajápajá mú. Ó mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí di ọ̀sán tí Ìyáàfin Impson bi í léèrè Bok Luksi. Nígbà tí wọ́n jáde, Brylee, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì náà, bá a níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Kí ló dé tó o jókòó bí àpò ànàmọ́ tí wọ́n gbàgbé?"

"Mi ò ní ìtàn."

"Ṣé torí ìyẹn ni? Kọ ọ̀kan. Ọmọ olóyè lobìnrin, ọmọ ọ̀tá lọkùnrin. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, bàbá kọ̀. Ọmọbìnrin fò látorí àpáta sínú odò, ó di ìjàpá. Ó parí."

"Wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́."

"Kọ orúkọ Pokni ẹ."

Tessa yíjú sí i.

"Má wò mí báyẹn," ni Brylee wí. "Ta ló fẹ́ lọ bi í?"

Tessa dúró kí inú bí òun. Inú kò bí i. Bọ́ọ̀sì dé, wọ́n wọlé.

Nígbà tó délé, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó sì kọ ọ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ pé jù. Ní ilẹ̀ yẹn, kò sí àpáta kan létí ojú ọ̀nà tí ọmọ olóyè kan ò tíì fò láti orí rẹ̀. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gan-an, wọn kì í sì í béèrè ibi tí olóyè tó ń bí gbogbo ọmọbìnrin wọ̀nyí ń gbé. Tessa fi òṣùpá kún un, ó fi omijé bàbá kún un. Nísàlẹ̀ ó kọ "Leota Hotubbee ló sọ ọ́."

Kò wá sí i lọ́kàn pé kó bi ẹlòmíràn. Àbúrò Pokni wà láyé, Bàbá Elam Tims, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n ẹja pípa àti àwàdà ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìtàn.

Ní ìparí oṣù kẹta, wọ́n ri pátákó náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí odò gbà kọjá. Igi dáadáa ni, wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sí i lára. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni oúnjẹ àlùbọ́sà igbó tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣe lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin ti wú àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ náà nínú igbó láti ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi ẹyin dín in, wọ́n sì se banaha, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú háríhá. Èrò tò lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá jẹun tán á rìn lọ sẹ́yìn, á ka pátákó, á ya fọ́tò. Ìyáàfin Impson dì mọ́ Tessa.

"Màmá rẹ àgbà ò kú," ló wí. "Wò ó, ohùn wọn ń bẹ níbí."

Tessa ní, "Ẹ ṣeun, Mà."

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Elam fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò lè kàwé mọ́.

"Ọmọ Leota, wá kà á sí mi létí."

Tessa kà á. Ó ka ọmọ olóyè, ó ka òṣùpá, ó ka àpáta. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Nígbà tó parí, bàbá náà béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ta ni wọ́n ló sọ ọ́?"

"Leota Hotubbee."

"Leota ló sọ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Àpáta wo ló ti fò? Èyí tó ga jù níbẹ̀, adìyẹ lè fò ó kó má rọ́ lẹ́sẹ̀."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí èmi gbọ́ lẹ́nu ìyá wa yàtọ̀," ló wí.

Ìyáàfin Verna Impson súnmọ́ ọn kíá. "Bàbá, kí lẹ gbọ́?"

"Rárá o, Verna. Fi mí sílẹ̀. Leota ni àkọ́bí, òun ni wọ́n pè jókòó tí wọ́n sọ ọ́ fún. Èmi ń sá kiri létí odò. Tí Leota bá ti ní bó ṣe rí nìyí, bó ṣe rí náà nìyẹn. Etí mi ló gbọ́ ọ lódì. Mi ò já ẹ̀gbọ́n mi nírọ́ rí nígbà tó wà láyé, ṣé ìgbà tó kú tán ni màá wá já a nírọ́?"

Ìyáàfin Impson fi í sílẹ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, àgbà tó sì ti kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di òfin. Bàbá Elam lọ jẹ oúnjẹ rẹ̀. Tessa rí i pé kò jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Elam kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ sábẹ́ igi, ó ń sọ ìtàn fún wọn. Tessa ń kó ìwé orin jọ, ó gbọ́ ọ. Ìtàn ọmọ olóyè ni. Bàbá náà, tó máa ń dárà sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn á fi di inú mú rẹ́rìn-ín, ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń dúró, ó ń padà. "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rántí. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́ nìyí."

Ibẹ̀ ni ohun tí Tessa ṣe ti yé e. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tó bá jókòó sílé tó ní irọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun, ọjọ́ wo ló máa gbéra? Ẹnu kan ṣoṣo ló kù láyé tí ìtàn Bok Luksi wà nínú rẹ̀, Tessa sì ti fi orúkọ òkú dí i. Bí bàbá yìí bá sọ ti irọ́ yẹn tó ìgbà mẹ́wàá sí i, tirẹ̀ á parẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni.

Kò sí ìbànújẹ́ tó ń tì í. Kò sí nǹkan kan. Ó kàn mọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ òun gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè, ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níwájú ilé Bàbá Elam. Bàbá náà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó awọ ẹja àrọ̀ lórí pákó.

"Bàbá, irọ́ ni."

"Kí ni irọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ara pátákó. Pokni ò sọ ọ́. Èmi ni mo kọ ọ́."

Bàbá náà bó awọ ẹja kan tán kó tó dáhùn.

"Orúkọ ẹ̀ tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi náà ni mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kí wá ni Leota sọ fún ẹ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò jókòó."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì.

"Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń bá ìyá mi jà nínú ọkàn mi," ló wí. "Mo ní bóyá ìyá mi parọ́ fún mi, tàbí orí mi ló ti ń dàrú. Mo ti ní kí ọmọ mi wá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìwọ ọmọ yìí, o jẹ́ kí n rò pé orí mi ti ń dàrú."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mò ń bínú. Jẹ́ kí n bínú díẹ̀."

Ó bínú díẹ̀. Tessa dúró tì í. Ajá kan wá, ó gbọ́ òórùn ẹja, wọ́n lé e. Nígbà tó ṣe, bàbá náà fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i.

"Jókòó. Ṣé o ní ìwé?"

Ó ní ìwé.

"Nígbà tí ìjọba lé wa kúrò ní Mississippi, tí wọ́n ní ká máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ níbí nínú òtútù, ìyá kan wà láàárín wọn. Inú ìran ẹ̀ la ti wá. Ìyá wa ò dárúkọ ẹ̀ fún wa, wọn kì í pe orúkọ òkú láyé ìgbà yẹn. Létí odò kan ló ń gbé lọ́hùn-ún. Omi ibẹ̀ pọ́n, kì í yára, ìjàpá pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Bok Luksi lorúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ ló sin ọmọ méjì sí. Nígbà tí wọ́n débí, wọ́n ní kó lọ pọnmi nínú odò yìí. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, òun ò lè pọn omi ẹni tí òun ò mọ̀. Ó jókòó sétí ẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko. Nígbà tó dìde, ó ní, 'Bok Luksi ni.' Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìjàpá dà? Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí ìjàpá kó padà sílé. Ó wá pọnmi."

Tessa ń kọ ọ́. Bírò rẹ̀ ò dúró.

"Ó kó nǹkan kan bọ̀ látọ̀hún nínú aṣọ. Gbogbo ọ̀nà ló fi gbé e, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá a gbé e. Ó rì í mọ́ etí odò yìí lọ́jọ́ yẹn kó tó pọnmi."

"Kí ni?"

"Ibẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n dé."

"Kí ló wà nínú aṣọ, Bàbá?"

"Ìyá wa sọ ọ́. Ó sọ ohun tó jẹ́, ó sọ ibi tó wà. Ọmọdé ni mí, mo ti dìde lọ pẹja. Leota ló jókòó dé ìparí." Ó tún mú ọ̀bẹ rẹ̀. "Leota mọ̀ ọ́n."

Tessa wo ìwé náà. Ilà mẹ́sàn-án ṣì ṣófo nísàlẹ̀ ojú ewé náà. Nígbà náà ni ó dùn ún. Ó dùn ún gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kejì tí ohun kan máa dùn ún. Ó sunkún lórí àpótí náà, bàbá náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní kó dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ó sọ fún Ìyáàfin Impson, ní ọjọ́ Sọ́ńdè ó dìde sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkà ni ojú tí wọ́n fi wò ó, ó sì tọ́ sí i. Wọ́n fagi lé máàkì rẹ̀, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìrìn àjò. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní, "Ìyá mi lo parọ́ mọ́." Ó pa fóònù náà. Kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní oṣù kẹfà, Brylee fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí i láti Mississippi. Omi pípọ́n tí kò yára ni, àwọn ìjàpá tò sórí ìtì igi kan tí oòrùn ń pa. Brylee kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Àwọn ará ibí ní Bok Luksi lórúkọ ẹ̀. Má bínú pé mo fún ẹ nímọ̀ràn burúkú." Tessa wò ó títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn. Kò dá a lóhùn títí di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe pátákó tuntun, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ dábàá pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan parí rẹ̀, pé bóyá erùpẹ̀ ló wà nínú aṣọ náà, pé á dùn-ún kà. Bàbá Elam ò gbà.

"Ibi tí mo dúró sí ni kí ẹ dúró sí. Irọ́ kékeré náà, irọ́ ni. Ọmọ yẹn ni kó sì máa dúró tì í, kó máa kà á fún àlejò tó bá dé. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi í."

Bẹ́ẹ̀ ni Tessa ṣe ń dúró níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nínú ìgbà ooru náà. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kò ṣeé kó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹni tó bá fi irọ́ sẹ́nu òkú, ẹnu alààyè ló ń dí. Àgbà tó ní kí o wá jókòó kò wá ẹni tí yóò fi dá ara rẹ̀ lára yá. Ẹrù ló fẹ́ gbé lé ọ lọ́wọ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ tó rọ. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìgbà tí onílé ṣì wà nílé ni à ń béèrè.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, ìdílé kan láti ìlú òkèèrè dúró ka pátákó. Ọmọbìnrin wọn kékeré ti ọwọ́ bọ inú àwọn lẹ́tà náà títí ó fi dé èyí tó kẹ́yìn.

"Kí ló rì mọ́bẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Pokni mi. Wọ́n ti kú."

"Ṣé o ò tíì mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó kú ni?"

"Inú ilé kan náà la jọ ń gbé," ni Tessa wí. "Ọdún mẹ́rìndínlógún."